Èdè Tí Ikú Kò Gbọ́

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejìlá

A dé láti ilé ìgbẹ̀bí lọ́sàn-án. Yìnyín ti bo gbogbo ọ̀nà láti Rishton débí, awakọ̀ sì ń wakọ̀ bí ẹni tó kó ẹyin. Ọmọ wà láyà mi lábẹ́ kóòtù. Gbogbo ìgbà ni mò ń gbé ìka sí ihò imú rẹ̀ bóyá ó ń mí. Ó ń mí. Kò tóbi ju ológbò lọ. Kò dúró dé àkókò kó tó jáde, dókítà sì ní kí n má jẹ́ kí òtútù kàn án rárá.

Ìyá ọkọ mi ti tọ́jú yàrá dè wá. Ọ̀bẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí, búrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ, ó so àlùbọ́sà mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì sun ewé lóríṣiríṣi títí ojú gbogbo wa fi pọ́n. Ogójì ọjọ́ ni èmi àti ọmọ máa lò níhìn-ín, láìjáde, láìgba àlejò. Chilla ni wọ́n ń pè é. Orúkọ kan náà ni wọ́n fún ogójì ọjọ́ tí òtútù máa ń le jù lọ́dún, ìyẹn náà sì bẹ̀rẹ̀ lánàá. Méjèèjì já lé mi lórí pọ̀.

Yàrá yìí náà ni Tursunoy ọmọbìnrin mi kú sí lọ́dún méjì sẹ́yìn, nínú chilla tirẹ̀. Wọ́n ti kun ògiri, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ibùsùn rẹ̀ wà. Ẹ̀rù ń bà mí. Tí èyí náà bá lọ, mi ò mọ ohun tó máa ṣẹ́ kù lára mi.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ó mu ọmú lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi ti ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kejìlá

Mo ń pa aṣọ ìdí ọmọ dà, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ lédè wa: "Òbùrẹ́wà yìí, olóòórùn yìí, ta ló tiẹ̀ bí nǹkan báyìí?" Bí ìyá mi ṣe bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí ìyá ìyá mi ṣe bá òun náà sọ̀rọ̀. Ní Uvs tiwa, níbi tí wọ́n bí mi sí, tí èèyàn bá yin ìkókó sókè, ẹni tí kò yẹ kó gbọ́ á gbọ́. Mavjuda, àbúrò ọkọ mi, gbé ọbẹ̀ ìyẹ̀fun wọlé, ó ní kí ni mò ń sọ tó dùn létí tó báyẹn. Òmùgọ̀ ni mí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi yọ sí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, ọmọ ọmọ mi lo ń pè ní òbùrẹ́wà?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa ni."

"Nílé yín! Àwọn tó ń bu iyọ̀ sí tíì! Ọmọ tí ọrùn ẹ̀ ò tíì le, o gbé e sílẹ̀ ò ń bú u. Mi ò fẹ́ gbọ́ èdè yẹn mọ́ nínú yàrá yìí títí chilla á fi parí. Ṣó o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, Ìyá."

"To'xta lorúkọ ẹ̀. Kó dúró. Ohun tá a máa pè é nìyẹn."

Ó sọ ọmọbìnrin mi ní Tursunoy, kó dúró náà ló túmọ̀ sí. Ó tún gbé e gba ojú fèrèsé tà fún Xosiyat, ìyá tó ń gbé òdì kejì odò, tí ọmọ kankan ò kú mọ́ lọ́wọ́ rí, ó sì fi abọ́ èérí àlìkámà kan rà á padà. Bó ṣe ra ọkọ mi náà nìyẹn nígbà tí wọ́n bí i, ìdí tó fi ń jẹ́ Sotvoldi nìyẹn, ẹni tí a rà. Ó jẹ́ fún ọkọ mi. Kò jẹ́ fún ọmọ mi.

Ọjọ́ kejì, oṣù Kìíní

Sotvoldi pè láti Kazan. Òtútù ti dá iṣẹ́ ilé kíkọ́ wọn dúró, ọ̀gá wọn kò sì tíì fún wọn ní ìwé ìrìnnà wọn padà. Ó bi mí bóyá ọmọ ń jẹun. Mo ní ó ń jẹun. Irọ́ ni mo pa. Wọ́n mú iná lọ láàárín ọ̀rọ̀, fóònù sì kú.

Èédú ti tún gbówó lórí. Gáàsì kò lágbára tó láti mú omi hó.

Ọjọ́ kẹrin

Nọ́ọ̀sì Zuhra wá wò wá. Ó ní kí n máa fún ọmú sínú ife, kí n máa fi ṣíbí kán an sí i lẹ́nu. Mo ń kán an. Ìdajì ń ṣàn sí ọrùn rẹ̀.

Nígbà tó sùn, mo ronú iṣẹ́ tí mo wá ṣe ní Tashkent kí n tó di ìyàwó ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń fi èdè wa wé èdè Uzbek tí wọ́n ń sọ níbí, tí mò ń wá ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ní. Ápù ń jẹ́ alim lọ́dọ̀ wa, olma lọ́dọ̀ wọn. Wúrà ń jẹ́ altan, ó ń jẹ́ oltin. Agbára, khüch àti kuch. Méjèèjì ló máa ń gbé ohun tí èèyàn ṣe sí ìparí ọ̀rọ̀, tó fi jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ dúró dé òpin kó o tó mọ̀ bóyá ọmọ sùn ni tàbí ọmọ jí. Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo ìyẹn á ní ọmọ ìyá kan náà ni wá. Kó wá ní ká ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Neg, khoyor, gurav ni tiwa, bir, ikki, uch ni tiwọn. Omi ò jọra, iná ò jọra, oorun ò jọra. Ọ̀gá mi máa ń ní kí n fi àwọn tí kò jọra sílẹ̀, pé wọn kò wúlò fún nǹkan kan.

Lónìí mi ò rí èyí tó wúlò nínú gbogbo rẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé kéèyàn mí ní èdè méjèèjì, mi ò sì lè fi ìkankan mú ọmọ mi mí dáadáa.

Ọjọ́ kẹfà

Ètè rẹ̀ dúdú bí aró láàárọ̀. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti dé. Mi ò lè kọ̀wé.

Ọjọ́ kẹwàá

A ti padà sílé. Òtútù àyà ni. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọmọ méjì méjì ló wà lórí ibùsùn kan, dókítà sì ní ilé sàn fún un ju àárín ikọ́ àwọn yòókù lọ. Zuhra á máa wá gún un lábẹ́rẹ́. Mo bi dókítà bóyá ọmọ á yè. Obìnrin náà wo ojú mi, ó ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó, abẹ́rẹ́ á ṣe tirẹ̀, ìyókù di ọwọ́ Ọlọ́hun. Ó wù mí kó purọ́ fún mi.

Ọjọ́ kọkànlá

Ìyá wọlé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó tì mí nídìí tábìlì tí a gbé ka orí ẹyín iná, ó sì fa ìbora bo orúnkún. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí lórí tíì oníyọ̀ tí mo bẹ Mavjuda kó sè fún mi ni.

"Ìyàwó. Nílé yín lọ́hùn-ún, tí ọmọ bá ń kú mọ́ èèyàn lọ́wọ́, kí lẹ máa ń sọ èyí tó bá tẹ̀ lé e?"

"Oríṣiríṣi ni, Ìyá. Nergui, aláìlórúkọ. Khünbish, kì í ṣe èèyàn. Enebish."

"Kí ni ti ìkẹyìn yẹn?"

"Kì í ṣe èyí. Tí Ikú bá dé ẹnu ọ̀nà tó ń wá ọmọ, wọ́n á ní kì í ṣe èyí."

Ó mi orí títí.

"Àwa ń bẹ ọmọ pé kó dúró. Ẹ̀yin ń purọ́ fún ẹni tó fẹ́ mú un lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Tiyín gbọ́n ju tiwa lọ."

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó sún mọ́ mi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Gbọ́. Ẹni tó ń wá sílé yìí ti mọ̀nà dáadáa. Ó mọ fèrèsé, ó mọ Xosiyat, ó mọ èérí àlìkámà. Kò sí ohun tí mo lè sọ ní Uzbek tí kò gbọ́ rí. Àmọ́ mi ò rò pé ó gbọ́ tiyín."

"Ìyá, ó ń pa wá lọ́hùn-ún náà o."

"Tọ̀hún nìyẹn. Tibí, ará ibí ni. Kò rìnrìn àjò rí."

Mi ò mọ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún.

"Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ Uzbek nínú yàrá yìí. Tó bá wá fetí sí ẹnu ọ̀nà, kó rò pé òun ṣi ilé yà. Ó yá, kọ́ mi."

"Kí n kọ́ yín ní kí ni, Ìyá?"

"Gbogbo ẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ látorí omi."

Mo bú sẹ́kún níwájú rẹ̀. Mi ò gba irú nǹkan wọ̀nyí gbọ́, abẹ́rẹ́ ni mo gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Tursunoy ti kú, ẹnikẹ́ni ò sọ pé kí n kọ́ òun ní ohunkóhun.

Ọjọ́ kẹtàlá

Us, omi. Gal, iná. Talkh, búrẹ́dì. Unt, sùn. Ìyá ń pè wọ́n pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tó ń rán ọmọ ọ̀dọ̀ níṣẹ́. Tí a bá fẹ́ jíròrò, a máa ń bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí mo ti lè máa wo ọmọ, a ó sì máa sọ Uzbek sí ara wa létí.

"Kí lẹ ń pe ápù?"

"Alim."

"Olma la ń pè é! Yọ ọ́ kúrò, ó máa mọ ìyẹn. Wúrà ńkọ́?"

"Altan."

"Oltin! Olè ni yín!"

"Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ wa, Ìyá."

"Àwa kẹ̀? Kí lẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé inú àgọ́ kiri fẹ́ fi wúrà ṣe? Dúdú ńkọ́?"

"Khar."

"Qora. Òun náà, síta!"

Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin mi ló ń lé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan báyẹn, bí ẹni ń lé adìyẹ kúrò nílé ìdáná. Àwọn tí kò jọra, tí ọ̀gá mi ní kí n fi sílẹ̀, nìkan ló gbà wọlé. Mo rẹ́rìn-ín sókè, ó sì ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Ọmọ wúkọ́. A pa ẹnu mọ́, a sáré wọlé.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Zuhra wá gún abẹ́rẹ́. Ìyá fi ìka lé ètè fún un láti ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un ní ìta. Ọmọbìnrin náà wò mí, mo wo ilẹ̀. Ó gún abẹ́rẹ́ láìsọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ júwe fún mi pé ara ọmọ ṣì gbóná, ó lọ. Mavjuda kọ̀ ní tirẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn á ní orí yín ti yí."

Ìyá nawọ́ sí ìta. Láti ìgbà náà, Mavjuda ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà, á kan ilẹ̀kùn, á sì lọ.

Sotvoldi pè lọ́sàn-án.

"Ohùn ta ni mò ń gbọ́ yẹn?"

Mo bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo sọ ọ́ sínú fóònù kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ìyá rẹ̀ ni.

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ní omi, ó gbóná. Omi, ó gbóná."

Mo gbọ́ tó ń sunkún. Ó ti mọ̀ pé mo parọ́ fún òun nípa oúnjẹ, nítorí ó mọ ìyá rẹ̀, ó mọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí obìnrin yẹn tó lè fi ẹnu rẹ̀ sọ èdè ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ti sọ fún Ìyá pé a máa ń gbé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí a fi irun àgùntàn ṣe kọ́ sókè orí ìkókó. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ọ̀kan. Ó jọ ajá. A gbé e kọ́, a sì fi èédú kun imú ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa. Nígbà tí mo kùn ún tán ni Ìyá sọ fún mi pé àwọn náà ń fi èédú kun ọmọ, iwájú orí ni tiwọn. Ó ronú díẹ̀. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ sí imú.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Kò gba nǹkan kan sẹ́nu láti àná. Ọmú mi kún, ó ń ro mí, ó ń ṣàn sára aṣọ. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, nítorí lọ́la mi ò ní gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Omi inú ife lórí fèrèsé ti dì. Mo wo ọmọ, àyà rẹ̀ kò mì. Mo fi etí lé e, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé e, orí rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn. Mo figbe ta.

Kí n má purọ́, Uzbek ló jáde lẹ́nu mi. Dúró! Ọmọ mi, má kú, dúró! Lẹ́yìn gbogbo ìṣọ́ra wa, èmi tí mo bí i, èmi tí èdè tí a fi ń tan Ikú jẹ́ tèmi, èmi ni mo ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó yẹ kó jẹ́ èdè ìyá mi ló máa yọ lẹ́nu mi nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè ibí ni mo fi sunkún ọmọ rí, òun ni ẹkún mi mọ̀.

Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu mi, ó bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí eyín fi gé mi létè. Ó fi ọwọ́ kejì gba ọmọ, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí apá, ó ń gbá a lẹ́yìn, ó ń gbá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá kọjú sí ilẹ̀kùn, ó sì pariwo:

"Enebish! Enebish! Us! Gal! Talkh! Unt!"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ ọ ló kó dà sí ẹnu ọ̀nà náà láìtò wọ́n, omi, iná, búrẹ́dì, sùn, gbóná, wá, kì í ṣe èyí. Ó ń pariwo wọn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun nínú ilé rẹ̀, tí ó ń bi àlejò pé ta ló ń wá. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ọmọ wúkọ́. Nǹkan bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Ìyá, ọmọ sì ké. Igbe kékeré ni, bíi ti ẹyẹ. Ìyá jókòó sílẹ̀ gẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí Zuhra sáré dé, ó ní bí Ìyá ṣe dojú rẹ̀ bolẹ̀ tó sì gbá a lẹ́yìn yẹn ló tọ́, òun ló ṣí ọ̀nà fún èémí. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá títí di ọ̀sán, lédè tí kò gbọ́, nítorí a kò kúrò nínú yàrá. Ó ń dá mi lóhùn pé búrẹ́dì, búrẹ́dì, bí ẹni pé ó ní ó ti tó.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó ń mí. Páìpù omi ilé ti dì. Mavjuda ń yọ́ yìnyín lórí iná.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ó mu ọmú títí oorun fi gbé e lọ. Ara rẹ̀ ti tutù, kò gbóná mọ́. Mi ò fẹ́ yọ̀. Mo pè é ní òbùrẹ́wà láti àárọ̀ dalẹ́, Ìyá sì ń gbè é. Ó ti mọ ọ̀rọ̀ náà pè ju omi lọ.

Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì

A pé chilla lónìí.

Ìyá fi ṣíbí bu omi lé ọmọ lórí, díẹ̀díẹ̀, ogójì ìgbà, ó ń ka iye rẹ̀ lédè wa. Ó dúró sí mẹ́wàá nítorí ibẹ̀ ni mo kọ́ ọ dé, ó padà sí oókan, ó tún kà á, títí tó fi pé. Lẹ́yìn náà a gbé ọmọ jáde. Oòrùn yọ, yìnyín orí òrùlé ń kán sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé ni mi ò tíì rí ojú ọ̀run. A jókòó sórí pèpéle ní àgbàlá, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ Ìyá.

"Ó yá ká sọ Uzbek," ni mo wí. "Ó ti tán."

Ìyá ń wo odò.

"Mo bí mẹ́rin ṣáájú ọkọ ẹ," ó ní.

Mo mọ̀ pé ọmọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò dárúkọ wọn nílé yìí rí, àní ọkọ mi pàápàá.

"Tursun," ni Ìyá wí. "To'xtasin. Turg'un. O'lmas."

Kó dúró. Kó má tíì lọ. Jókòó tì wá. Má kú. Ó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni pe ọmọ wá jẹun.

Mo kàn béèrè láìronú pé, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò purọ́ fún Ikú nígbà náà, bí a ṣe purọ́ nítorí èyí?"

Ó yíjú sí mi. Inú kò bí i.

"Èdè kan ṣoṣo ni mo ní, ìyàwó."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. A jókòó báyẹn títí Xosiyat fi rí wa láti òdì kejì odò, tó sì fi ohùn rẹ̀ tí gbogbo abúlé mọ̀ pè wá.

"Ẹ kú oríire o! Ọmọ yín ti jáde! Orúkọ ẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá fi etí ìborùn nu ojú. Ó na ọrùn, ó sì gbé ohùn sókè kí ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí lè gbọ́.

"Enebish!"

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Bi ìyá ẹ̀ tó bí i," ni Ìyá wí. "Èmi ò gbọ́ èdè wọn."